Mo rí i, mo dákẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí iṣẹ́ coursemate mi

Láti ọjọ́ Tuesday lọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n tó sùn.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Master's, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Coursemate á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, á ní kẹ́ ẹ bá òun wò ó, ìwọ náà sì ní tìẹ nílẹ̀ tí supervisor ń béèrè, wàá ṣí i, wàá ka ojú ìwé mẹ́ta, wàá ní "ó dáa gan-an". Ohun témi náà ṣe nìyẹn.

Àǹtí ni mò ń pè é torí ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ ẹ̀ dá lórí ìdí táwọn ìyá kan fi ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí wọn ò ní padà wá fún tọ̀sẹ̀ kẹwàá àti kẹrìnlá. Iṣẹ́ gidi. Ìyá 1,200 ló wà nínú rẹ́jísítà, ó fi fọ́múlà Yamane, tí wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n bi ní ìbéèrè, ṣírò ẹ̀, ó jáde sí ìyá 300. Ó wá fi questionnaire, ìwé ìbéèrè tó fẹ́ fún wọn, ránṣẹ́ sí mi kó tó lọ field, ìyẹn kó tó lọ bá àwọn ìyá náà.

Mo rí number 14. Mo rí i o, mi ò ní purọ́. Ó kọ ọ́ pé "Ọkọ mi máa ń fún mi lówó mọ́tò, ó sì máa ń tẹ̀lé mi lọ", kéèyàn wá máàkì "mo gbà" tàbí "mi ò gbà". Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ìbéèrè kan, àmọ́ mo ní ta ni mí tí màá máa kọ́ àgbà, supervisor ẹ̀ á kúkú rí i. Mo tẹ "Àǹtí, ó dáa gan-an, ẹ kú iṣẹ́", mo fi àtẹ́wọ́ mẹ́ta sí i.

Lọ́jọ́ post-field, ìyẹn seminar téèyàn ti ń sọ ohun tó bá bọ̀ láti field, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Prof kan ṣí Appendix, ẹ̀yìn ìwé níbi tí questionnaire wà, ó ka number 14 sókè, ó ní "Madam, ọkọ tó fún ìyàwó ẹ̀ lówó mọ́tò àmọ́ tí ò tẹ̀lé e, ibo nìyàwó yẹn á máàkì?" Àǹtí dákẹ́. Prof tún ka 17, ó ka 18, bákan náà ni wọ́n rí. Fáànù nìkan là ń gbọ́. Iná pupa pointer ọwọ́ Àǹtí ń gbọ̀n lára ògiri. Ó wá gbójú sókè, kò wo supervisor ẹ̀ o, èmi ló wò. Mo tẹrí ba. Wọ́n ní kó pa gbogbo apá yẹn tì, kó padà sí field.

A ti sọ̀rọ̀, ó ti dárí jì mí, ó ti ń tún un ṣe.

Ẹ má dá gbogbo ẹ̀ lé mi lórí o, supervisor náà buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n èmi rí i. Tó o bá rí nǹkan, sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ field. Chapter Two, ibi téèyàn ti ń sọ ohun táwọn míì ti kọ, ṣeé tún kọ lóru ọjọ́ kan, àmọ́ ìyá tó ti máàkì tán, tó ti pọn ọmọ ẹ̀ lọ, ibo lo ti fẹ́ rí i?

Tó bá jẹ́ àgbà, fi ṣe ìbéèrè. Ká ní mo ti sọ pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, number 14 ò yé mi, tí ọkọ bá fúnni lówó tí ò tẹ̀lé èèyàn ńkọ́?", ó máa yà á sí méjì, owó lọ́tọ̀, títẹ̀lé lọ́tọ̀, ó tán. Inú inbox ni kó o ti sọ ọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ máa dójú ti ara yín ní seminar.

Má sì ka questionnaire bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mú bírò, máàkì ẹ̀ bíi pé ìwọ ni wọ́n ń bi. Ibi tí bírò bá ti dúró, kọ number ẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó lọ field, mo tún sọ ọ́.

Àǹtí fi tuntun ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo ti máàkì dé number 11. Bírò dúró ní number 9, ó kọ "lọ́pọ̀ ìgbà" àti "nígbà púpọ̀", mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Mo ti kọ ọ́ sí i.