Ìkéde Òkú Ló Ń Ra Dísẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere, ní Ifẹ̀ níbí, fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀yin oní-rédíò, ṣé ẹ ṣì wà? Ta ló ń gbọ́ yín?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìyá òun gan-an ló ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yẹn pé kí n bá àwọn kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà wọn.

Èmi kì í gba owó oṣù níléeṣẹ́ rédíò. Èmi ni mò ń san owó fún wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mò ń rà láàárọ̀ Sátidé, màá wá fẹsẹ̀ ara mi wá ẹni tí yóò polówó ọjà nínú rẹ̀. Bí mo bá rí, a jẹun. Bí n kò bá rí, gbèsè ni. Púpọ̀ nínú ohùn tí ẹ ń gbọ́ ní Ifẹ̀ yìí, irú mi ni wọ́n.

1992 ni òfin gba aládàáni láyè láti dá rédíò sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ti ìjọba nìkan ni. Ní báyìí, Orísun wà lórí 89.5, Great FM ti Yunifásítì OAU wà lórí 94.5, àwọn ará Òṣogbo náà ń wọlé wá bá wa. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe ọṣẹ àti mágí, Èkó àti Ìbàdàn lojú wọn wà. Tiwa ni alágbo, pásítọ̀, ààfáà, ẹni tó ń ta táìlì àti ẹni tó ń sìnkú. Alágbo kan jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì àgbo jẹ̀díjẹ̀dí mẹ́rin ló fi san án. Ìyàwó mi ní kí n gbé e lọ fi san owó iná.

Owó iná ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé ti àwọn tó wà lórí Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, dé náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, bí Nẹ́pà bá sì mú iná lọ, dísẹ́ẹ̀lì ló kù. Ibi tí mo ti ń ra àkókò, wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ ní aago mọ́kànlá, ó di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kéde lóṣù kẹjọ 2022 pé àwọn gba ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ 52 nítorí gbèsè bílíọ̀nù 2.66 náírà, àwọn èèyàn ń bú àwọn iléeṣẹ́ tó jẹ gbèsè náà. Èmi kò lè bú wọn.

Ìkéde òkú ni kò gbẹ rí. Facebook lè gbé àwòrán olóògbé, ṣùgbọ́n àwọn àna tó wà ní Ìpetumodù gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ wọn létí ara wọn, pẹ̀lú aládùúgbò tó ń gbọ́ ọ. Bí ọmọ kan bá wà ní Kánádà, ẹ kà á kó dún. Ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna, kálukú ló ń dúró de tirẹ̀.

Ìwé ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo fo orúkọ méjì. Ọmọ ìyàwó kékeré ni àwọn méjèèjì. Kó tó di aago mẹ́jọ, ọ̀kadà méjì ti gúnlẹ̀ sẹ́nu géètì. Ìyá wọn ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá wọn ò pín wọn nígbà tó wà láyé, ìwọ wá ń pín wọn lórí afẹ́fẹ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kà lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi orin sí i.

Àkọ́bí nínú àwọn méjèèjì ń ta ọ̀dà ní Mọ̀ọ́rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí oṣù tí kì í polówó lọ́dọ̀ mi. Ó ní kí òun lè máa ṣọ́ bí mo ṣe ń kàwé ni.