Ta Ló Mọ̀, Ta Ló sì Jẹ̀bi?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò lítíréṣọ̀ aláfiwé, ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi ìwé oríṣiríṣi ilẹ̀ wé ara wọn, òní ni mo sì kó gbogbo ìwé tí a kà ní sáà yìí sílẹ̀ lórí tábìlì. Kì í ṣe pé n kò kà wọ́n. Mo kà wọ́n, mo fàlà sídìí ọ̀rọ̀, mo kọ nǹkan sí etí ìwé. Ohun tó kù ló le jù: bí mo bá gbé ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ni mo fẹ́ sọ tó ju pé wọ́n jọra níhìn-ín, wọ́n yàtọ̀ lọ́hùn-ún? Irú èyí ló kún inú àkọsílẹ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pín fún ara wa. Wọ́n á fa ìlà sáàárín ojú ewé, ìjọra á wà lápá kan, ìyàtọ̀ á wà lápá kejì, ó parí. Ó wu ojú, ó rọrùn láti há sórí, àmọ́ bí olùkọ́ bá ní "Ó dáa, kí wá ni ká rí mú níbẹ̀?", ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ẹni.

Orí eré méjì ni mo ti bẹ̀rẹ̀: Oedipus Rex ti Sophocles, ará Gíríìsì àtijọ́, àti The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo kíláàsì máa sá sí, nítorí ìtàn kan náà ni. Wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ nípa ọmọ kan pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pa á dànù, ẹni tí wọ́n rán kò pa á. Ọmọ dàgbà sílé onílé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú ohun tó ń sá fún. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Rótìmí ní 1968, ìwé rẹ̀ jáde ní 1971. Oedipus di Ọdẹ́wálé, Jocasta di Ọjúọlá, Laius di Ọba Adétùsá, Thebes di Kútùjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa to orúkọ báyìí lè kún ojú ewé kan kó tó mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọ̀nà tí eré kọ̀ọ̀kan gbà wọlé. Nígbà tí ti Sophocles bẹ̀rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn ti ń pa ará Thebes, àwọn èèyàn ti wá bẹ ọba níwájú ààfin. Oedipus ti pa bàbá rẹ̀ tipẹ́. Ó ti fẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́rin. Àlọ́ tí Sphinx, abàmì ẹ̀dá tó ń da Thebes láàmú, pa ti di ìtàn àtijọ́. Ohun tó pọ̀ jù tí a rí lórí ìtàgé ni èèyàn tó ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń burú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Rótìmí ní tirẹ̀ kò dúró dìgbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ti mú ìtàn: Baba Fákúnlé, babaláwo, wádìí ohun tí ọmọ náà wá ṣe láyé, wọ́n so ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e fún Gbọ̀nká, ìránṣẹ́ ọba, pé kó gbé e lọ sínú igbó. Ojú wa báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Kí ló fà á? Àwọn ará Athens tó jókòó wo eré Sophocles ti mọ ìtàn náà kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí Oedipus ṣe ń gégùn-ún fún ẹni tó pa Laius, wọ́n mọ orí ẹni tí ègún náà ń wá. Òǹwòran Rótìmí lè má mọ nǹkan kan nípa Thebes, nítorí náà ó ní láti fi àṣírí lé wọn lọ́wọ́ kí Ọdẹ́wálé tó jáde sí wọn. Ibi kan náà ni òǹwòran méjèèjì wá jókòó sí: wọ́n mọ ohun tí ọba kò mọ̀. Ká ní Rótìmí bẹ̀rẹ̀ níbi tí Sophocles ti bẹ̀rẹ̀, kò ní í dé ibi tí Sophocles dé. Ìyàtọ̀ yẹn ló bí ìjọra. Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sílẹ̀ gedegbe, torí kò sí ibi tí ó lè wọ̀ nínú ojú ewé tí wọ́n fi ìlà là sí méjì.

Ìjà tí wọ́n ti pa bàbá tún wà. Ẹnu ni Oedipus fi ròyìn tirẹ̀ fún Jocasta: ní oríta mẹ́ta, wọ́n fẹ́ tì í kúrò lójú ọ̀nà, àgbàlagbà tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin nà án lórí, inú bí i, ó pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò yà fún ta ni. Ti Ọdẹ́wálé, lórí ìtàgé ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ló dá a sílẹ̀, ohun tó sì mú kí ó fa ọkọ́ yọ ni pé àgbàlagbà náà fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tí kò sì parí títí di 1970, ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe eré yìí, kò sí òǹwòran tí kò ní í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú síta, Ọdẹ́wálé ní kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà, pé ibi tí òun kù díẹ̀ káàtó sí ni wọ́n ti mú òun: òun a máa tètè gbéjà ẹ̀yà òun.

Àwọn kan rí èyí bí àbùkù. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kí ọmọ tó mọ bàbá, kí wá ni tirẹ̀ nínú ẹ̀bi? Èmi rò pé Rótìmí mọ ohun tó ń ṣe. Ó fún eré rẹ̀ ní àkọlé tí òǹwòran lè bá jiyàn, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu ẹni tó ti fọ́ ojú ara rẹ̀. Nínú eré Sophocles, Creon, arákùnrin Jocasta, ló ń pàṣẹ níparí, pé kí Oedipus wọlé, kí ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ọdẹ́wálé kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìbéèrè méjì tí mo fẹ́ máa gbé káàkiri. Ta ló mọ̀, ìgbà wo ló sì mọ̀? Ta ni wọ́n di ẹ̀bi rù? Mo ní kí n fi wọ́n dán àwọn ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta tó kù wò: Madame Bovary ti Flaubert (1857), Anna Karenina ti Tolstoy (1878) àti Effi Briest ti Fontane (1895). Abilékọ tó yan àlè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kú. Ìyẹn wà nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ayé.

Lẹ́tà ló tú àṣírí nínú méjì. Effi lọ tọ́jú ara rẹ̀ níbòmíràn, ọmọ rẹ̀ ṣubú nílé, iwájú orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ já tábìlì ìránṣọ ìyá rẹ̀ ṣí pé kí wọ́n wá ohun tí wọ́n á fi di ojú ọgbẹ́, ìdì lẹ́tà kan tí wọ́n fi okùn pupa dì sì jáde. Ti Crampas, ẹni tó fi ṣe àlè, ni, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Innstetten, ọkọ Effi, kà á, ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Wüllersdorf. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ sọ yìí ni mo rò pé ó dára jù nínú gbogbo ohun tí a kà ní sáà yìí. Innstetten ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, òun ṣì fẹ́ràn ìyàwó òun. Kí wá ló fẹ́ bá Crampas ja ìjà ìbọn fún? Ó ní kí òun tó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ òun, ọwọ́ òun ni ọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ní báyìí tí ẹlòmíràn ti gbọ́, kò sí àyípadà mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó yìnbọn pa Crampas, ó kọ Effi sílẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀.

Emma Bovary ti jẹ májèlé kú ní tirẹ̀ kí Charles ọkọ rẹ̀ tó bá lẹ́tà. Lẹ́tà kan tí Rodolphe, àlè Emma àkọ́kọ́, kọ ló kọ́kọ́ rí, ó sì tan ara rẹ̀ jẹ pé ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Nígbà tó wá ṣí àpótí ìkọ̀kọ̀ inú tábìlì Emma, lẹ́tà Léon, àlè Emma kejì, ló bá, kò sí ibi tí ó lè sá sí mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó pàdé Rodolphe lọ́jà, wọ́n jọ jókòó mu ọtí. Charles wo ojú rẹ̀ títí, ó ní òun kò bínú sí i, pé àyànmọ́ ló fà á. Flaubert ní ọ̀rọ̀ ńlá kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé Rodolphe ló kọ́kọ́ lo àyànmọ́ yìí. Inú lẹ́tà tó fi já Emma sílẹ̀ ló kọ ọ́ sí, ó sì yin ara rẹ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàì ṣiṣẹ́. Charles ti ka lẹ́tà yẹn!

Ẹ wá fi Charles sí ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́wálé. Ẹni tí àwọn òrìṣà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó lè rìn, òun ló ní kí wọ́n má dá òrìṣà lẹ́bi. Ẹni tí kò sí òrìṣà kankan tó mọ orúkọ rẹ̀, òun ló ń di ẹ̀bi ru àyànmọ́, ẹnu ọ̀tá rẹ̀ ló sì ti yá ọ̀rọ̀ náà lò. Mo lè fi èyí kún ojú ewé mẹ́ta.

Ó tún yanjú apá tíọ́rì fún mi. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ti àwọn Faransé ń béèrè ẹ̀rí pé òǹkọ̀wé kan mọ iṣẹ́ èkejì. Sophocles àti Rótìmí yege níbẹ̀. Kò sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi fún Flaubert àti Rótìmí, n kò sì nílò rẹ̀. René Wellek, onímọ̀ lítíréṣọ̀ aláfiwé, ti jà fún irú wa ní 1958, nígbà tó ní kíka ohun tí òǹkọ̀wé yá lọ́wọ́ ara wọn kì í ṣe ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, àti ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ àgbáyé tó sọ ní 1827, gbólóhùn kan péré ni n ó fi kí i.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣe kọ́ọ̀sì yìí pè mí lálẹ́. Orí Anna Karenina ni ìjà wa.

"Àbúrò, ìwé yẹn ti parí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin pa Anna. Apá kẹjọ yẹn, àfikún ni. Ìwé ìròyìn tó ń tẹ̀ ẹ́ gan-an kọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n fi kọ̀ ọ́. Tolstoy fúnra rẹ̀ ló wá tẹ̀ ẹ́ síta lọ́tọ̀ ní 1877, kí odindi ìwé tó jáde ní 1878. Ẹ sì wò ó, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó parí síbi ikú obìnrin náà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ràn án létí pé oyè tí wọ́n fi dá Homais, apòògùn ìlú Emma, lọ́lá ni Flaubert fi kásẹ̀ ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Nínú ti Fontane, àwọn òbí Effi ló jókòó: ìyá ń béèrè bóyá àwọn ló jẹ̀bi, bóyá ọmọ náà kéré jù lọ́jọ́ tí àwọn fi fọ́kọ, bàbá sì ní ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù. Levin, onílẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Anna, ni Tolstoy fi ìwé tirẹ̀ lé lọ́wọ́, òun kò sì wádìí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni lọ́rọ̀ Anna.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, "àmọ́ ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ta ló tú àṣírí Anna?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Anna ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Karenin ọkọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, lẹ́yìn eré ìje ẹṣin tí Vronsky, àlè rẹ̀, ti ṣubú. Kò sí lẹ́tà, kò sí olófòófó. Karenin náà ro ti ìjà ìbọn, ó rò ó títí, ó sọ ọ́ nù, ohun tó ń wá kò ju pé kí ojú ayé ṣì dára. Ẹ̀gbọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìdáhùn mi, kí n fi Flaubert àti Fontane nìkan gbá a, pé olùmákì kò ní í mọ̀. Èmi rò pé Karenin àti Innstetten gan-an ló yẹ kí wọ́n dojú kọ ara wọn: ọ̀kan pa èèyàn nítorí pé ẹnì kan ti gbọ́, èkejì kò pa ẹnikẹ́ni, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé wọn kò ní í gbọ́ síta. Lọ́la ni n ó tún apá kẹta ìwé Tolstoy kà, níbi tí Karenin ti ń ro ìjà náà, kí n tó mọ̀ bóyá ó máa wọ inú ìdáhùn mi.