"Look" fẹ́ dá ìjà sílẹ̀

Àná ni ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé: "I am looking after my lost pencil." Ẹ̀rín pa mí. Mo ní "look for" ni wíwá nǹkan, "look after" ni ìtọ́jú. (Àwa náà kúkú máa ń ní kí wọ́n bá wa wo ọmọ.)

"Look down on ńkọ́?"

Fífojú tín-ín-rín èèyàn.

"Look up to?"

Ká máa fojú ẹni iyì wo èèyàn.

"Tí mo bá wá yọ to yẹn kúrò?"

Háà! Ó lè di wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè nìyẹn.

Ó pa ìwé dé. "Mọ́mì, ẹ ṣáà bá mi wá pẹ́ńsùlù mi ná."