Kí ló ń fa ìwà ọmọ? Fọ́ọ̀mù ọjọ́ kan kò lè sọ ọ́

Ẹ wo àwọn pùrójẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ní Abẹ́òkúta lórí ìwà ọmọ ilé-ìwé, irú àkọlé kan ló pọ̀ jù: "Ipa tí ìkọ̀sílẹ̀ òbí ń kó nínú ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì." Wọ́n á mú ilé-ìwé mẹ́ta, kan ní Òkè-Ìlewó, kan ní Ìtòkú, kan ní Ọbántókò. Wọ́n á pín fọ́ọ̀mù fún ọmọ 200, wọ́n á kó o padà kí aago méjì tó lù, orí karùn-ún á sì sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ló fà á.

Fọ́ọ̀mù ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí ni pé nǹkan méjì jọ wà nínú ilé kan náà. Ó lè jẹ́ ọmọ tó le koko láti kékeré ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti bàbá. Ó lè jẹ́ àìrówó ló tú ìgbéyàwó ká, tó sì tún sọ ọmọ di oníjà. Ó sì lè jẹ́ inú fùfù bàbá lọmọ jogún, inú fùfù yẹn náà ló lé ìyá lọ. Bó ti wù kó jẹ́, èsì orí ìwé kò ní yàtọ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ ya àwọn okùnfà wọ̀nyí sọ́tọ̀ máa ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan náà fún ọdún púpọ̀, tàbí kí wọ́n wá ibi tí nǹkan ti yí padà láìjẹ́ pé ẹbí náà ló fọwọ́ ara wọn yí i. Èyí tó wù mí jù ni ti Jane Costello àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2003. Láti 1993 ni wọ́n ti ń bẹ ọmọ 1,420 wò lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ti dé ìdajì nígbà tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ṣí ilé tẹ́tẹ́ kan, wọ́n sì ń pín èrè rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹ̀yà náà, àti ẹni tó mọ ọmọ tọ́, àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tọ́. Nílé tí owó náà gbà lọ́wọ́ ìṣẹ́, àìgbọràn àti ìjà ọmọ wálẹ̀ títí ó fi bá ti àwọn tí kì í ṣe tálákà tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Ohun tó jọ pé ó gbé e wálẹ̀ ni pé òbí ráyè mójú tó ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ àwọn ọmọ náà ò yí padà.

Nítorí náà, ẹ má ro máàkì ìdààmú ọkàn mọ́ ti ìwà kẹ́ ẹ wá máa wá okùnfà kan ṣoṣo fún àpapọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ń lo SDQ (Strengths and Difficulties Questionnaire), fọ́ọ̀mù ìbéèrè lórí ìwà àti ọkàn ọmọ tí Robert Goodman gbé jáde ní 1997, ó sì dáa. Ìbéèrè 25 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún márùn-ún: ìdààmú ọkàn, ìwà, àìfarabalẹ̀, ìṣòro pẹ̀lú ẹgbẹ́, àti inúure. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Inúure kì í wọ àpapọ̀, torí náà 40 ni àpapọ̀ tó ga jù. Ìbéèrè 7, 11, 14, 21 àti 25 ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Rere ni wọ́n ń béèrè, irú bí pé ọmọ ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yí máàkì wọn padà, kí 2 di 0, kí 0 di 2, kẹ́ ẹ tó ròpọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé á sọ ọmọ gidi di ìpáǹle lórí kọ̀ǹpútà.

Ta ló kọ fọ́ọ̀mù náà? Ìyá tí ọkàn rẹ̀ wúwo, tó kọ ti ara rẹ̀ tó tún kọ ti ọmọ, ojú kan náà ló fi wo méjèèjì. Ẹ gba ti ìyá lọ́wọ́ ìyá, kẹ́ ẹ gba ti ọmọ lọ́wọ́ tíṣà pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá bára mu, kò tíì bàjẹ́: nínú àkójọ ìwádìí tí Thomas Achenbach ṣe ní 1987, ìbáramu láàárín àwọn tó ń rí ọmọ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ju nǹkan bíi 0.28 lọ (bí ọ̀rọ̀ wọn bá bára mu pátápátá, 1 ni ì bá jẹ́). Ọmọ tó ń fọ́ àwo nílé lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì.

Àwọn kan tún máa ń fi ìwádìí lórí àìlera ọpọlọ tí Adeoye Lambo àti Alexander Leighton ṣe nílùú wa níbí àti láwọn abúlé àyíká ní 1961 gbe ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ́sẹ̀. Àgbàlagbà ni ìwádìí yẹn dá lé.

Ara ọmọ ńkọ́? Etí tó ń ṣọyún kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí tíṣà sọ. Wárápá kan wà tí kì í gbé èèyàn ṣubú, ọmọ á kàn ranjú fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá, wọ́n á ní kò fọkàn síbi ẹ̀kọ́. Òjé náà wà níbẹ̀. Ní 1979, Herbert Needleman wọn òjé inú eyín tó já lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé (eyín tí tiwa ń jù sórí òrùlé). Àwọn tí òjé pọ̀ nínú eyín wọn ni tíṣà ń sọ pé wọn kì í fara balẹ̀. Wọ́n sì ti rí òjé nínú tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, nítorí náà ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ṣé wọ́n ń lé tìróò fọ́mọ yìí?

Bí ẹ kò bá ráyè tẹ̀ lé ọmọ fún ọdún méjì, ẹ kọ "ìbátan" sínú àkọlé dípò "ipa". Kẹ́ ẹ tó pín fọ́ọ̀mù kankan, ẹ ti mọ ẹni tí ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga gan-an, tàbí tó kọ ọ́ pé ikú wu òun, yóò lọ rí lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò. Ẹ ti kọ ọ̀nà yẹn sínú lẹ́tà tí òbí máa fọwọ́ sí.