Bí A Bá Rí Erin, Ká Sọ Pé A Rí Erin

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Síbẹ̀, fìrí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń mú bọ̀ láti inú àwọn ọgbà ìjọba tí ẹranko ti ń rìn fàlàlà. Wọ́n á fi mọ́tò sáré káàkiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á rí ìrù kan nínú koríko, wọ́n á ya fọ́tò ìdí erin tó ń lọ, eruku á bò wọ́n, ó parí. Kì í ṣe pé ẹran ò sí níbẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá ni ò jẹ́ kí wọ́n rí i. Béèyàn ṣe lè wo ẹranko yó, kó sì ní ohun gidi tó máa sọ tó bá délé, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Àsìkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó mú ọgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko á kúrú, ewé á rẹ̀ dànù, omi á gbẹ títí á fi ku ojú mélòó kan. Ibi tómi bá kù sí ni ẹran ń wá, kò sì síbi tó lè sá pamọ́ sí. Nígbà òjò, omi wà níbi gbogbo, ẹran á fọ́n ká, koríko á ga débi tí kìnnìún lè dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà kẹ́ ẹ kọjá lára rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa rì nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ní adùn tirẹ̀: ọmọ ẹran pọ̀, ẹyẹ tó ti òkèèrè ṣí wá pọ̀, afẹ́fẹ́ mọ́, fọ́tò á sì dán.

Serengeti, ní Tanzania, ni mo rò pé àwọn èèyàn ti ń ṣi àsìkò mú jù. Wọ́n á ti wo fídíò ibi tí wildebeest, ẹran onírùngbọ̀n tó fara jọ màlúù tó sì fara jọ ẹṣin, ti ń bẹ́ sínú odò Mara láàárín àwọn ọ̀nì. Wọ́n á wá lọ síbẹ̀ ní oṣù kejì, wọ́n á sì bá etí odò lófo. Ẹran tó lé ní mílíọ̀nù kan yẹn kì í dúró sójú kan, òjò àti koríko tútù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Láti nǹkan bí oṣù kìíní sí oṣù kẹta, pẹ̀tẹ́lẹ̀ apá gúúsù ni wọ́n wà, lágbègbè Ndutu. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹsàn-án kí wọ́n tó máa sọdá odò Mara ní àríwá, nítòsí ààlà Kenya. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìsọdá, kó má ṣe fi ọjọ́ kan ṣoṣo sí i, nítorí wọ́n lè wá dúró létí odò lọ́gọ́ọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn tún yí padà.

Lójú tèmi o, ìgbà ìbímọ níhà gúúsù yẹn ló dùn ún wò jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà. Ọmọ á já bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ á ṣì tutù, á gbìyànjú láti dìde, á fi orúnkún lélẹ̀, á tún gbìyànjú, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á ti máa sá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ìkookò sì wà níwájú ibẹ̀ tó ń ṣọ́ èyí tí kò bá tètè dìde.

Lẹ́yìn àsìkò, wákàtí ló kàn. Kìnnìún lè fi nǹkan bí ogún wákàtí nà gbalaja lójúmọ́ kan, nítorí náà ẹni tó bá jáde ní aago mẹ́wàá, òòrùn àti òjìji igi ló máa bá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ padà wá sinmi lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún jáde ní wákàtí mẹ́ta tó kẹ́yìn ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kéèyàn sùn sínú ọgbà tó bá lè ṣe é, dípò ìlú tó wà lẹ́yìn géètì. Ní Kruger, ní Gúúsù Áfíríkà, aago tí wọ́n ń ṣí géètì àti aago tí wọ́n ń tì í máa ń yí padà bí oṣù bá ṣe ń yí, wọ́n sì máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé.

Kruger yẹn kan náà ló ń kọ́ni ní ìṣirò. Ọgbà náà fẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 kìlómítà níbùú lóròó. Eré tí òfin fàyè gbà ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan lórí ọ̀dà, àti 40 lórí ọ̀nà oníyanrìn. Ẹni tó bá wo máàpù á ní, "Igba kìlómítà ni àgọ́ tá a máa sùn sí lónìí, wákàtí mẹ́rin ti tó." Kò tó. Eré tí ojú fi lè rí nǹkan nínú igbó kò ju 20 tàbí 25 lọ, ẹ ó sì dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Igba kìlómítà yẹn á gba odindi ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ẹran ń jáde bọ̀, ìgbà yẹn ni awakọ̀ náà á máa sáré nítorí géètì. Ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lóòjọ́ ti tó.

Èyí tó sàn ju wíwakọ̀ lọ ni pé kẹ́ ẹ wá ojú omi kan, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jókòó fún wákàtí méjì ó kéré tán. Ẹ dúró síbi tí òòrùn ti máa wà lẹ́yìn yín, tí atẹ́gùn ò sì ní máa gbé òórùn yín lọ sọ́dọ̀ ẹran. Ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ lè jọ òfo, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣáná sí mọ́tò. Ẹ dúró. Ẹyẹ á kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àwọn ẹran oníwo kéékèèké, tí ọ̀kan á máa ṣọ́nà tí àwọn yòókù bá tẹrí ba. Tí àgùnfọn bá dé, ẹ wò ó dáadáa. Ọrùn rẹ̀ gùn lóòótọ́, síbẹ̀ kò tó ilẹ̀ láìjẹ́ pé ó ya ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá ti ya ẹsẹ̀, òun ò lè tètè sá. Torí náà á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sún mọ́ omi níṣìísẹ̀ kan, á padà sẹ́yìn. Nígbà tó bá wá tẹrí ba níkẹyìn, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló máa fi mu, kó tó gbé orí sókè, tí omi á máa kán láti ẹnu rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí okùn fàdákà nínú oòrùn.

Tí erin bá dé, gbogbo ẹran yòókù ló ń yàgò. Àgbà erin lè mu nǹkan bí igba lítà omi lóòjọ́. Á fa omi sínú ọwọ́jà, á ká a, á dà á sí ẹnu. Àwọn ọmọ tó ṣì kéré kò tíì mọ ọwọ́jà lò. Ọwọ́jà á kàn máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹnu ni wọ́n á tẹ̀ mọ́ omi. Ní Etosha, ní Namibia, ojú omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ Okaukuejo tí wọ́n ń tan iná sí lóru. Ògiri kúkúrú ló wà láàárín, àga sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀, àgbáǹréré dúdú, tó ṣòro láti rí lọ́sàn-án, máa ń jáde látinú òkùnkùn wá mu omi. Ẹ gbé aṣọ òtútù dání, ẹ pa iná fóònù, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè.

Ẹni tó ń wakọ̀ náà lè fojú kọ́ igbó. Kìnnìún fúnra rẹ̀ ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ẹran tó ti rí kìnnìún kò ṣòro. Tí agbo impala, ẹran oníwo tó fara jọ àgbọ̀nrín, bá dúró gbọnin, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, tí ọ̀kan ń fọn imú, ẹ wo ibi tí wọ́n ń wò, ẹ má wo àwọn fúnra wọn. Tí igún bá ń já bọ́ sílẹ̀ kíákíá lọ́kọ̀ọ̀kan, òkú ẹran wà níbẹ̀; tí wọ́n bá jókòó sórí igi tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni òkú ẹran náà ṣì wà nídìí rẹ̀. Ti ẹkùn, ẹ̀ka igi tó nà gbọọrọ ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ wá ìrù tó ń fì.

Ọ̀rọ̀ àyè tó yẹ kó wà láàárín èèyàn àti ẹran kò ṣeé fi ṣeré. Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872, ní òfin tó ṣe kedere: mítà 91 sí béárì, mítà 23 sí bison, ìyẹn màlúù igbó ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ọ̀pọ̀ ẹran yòókù. Bison ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, torí pé ó ń jẹko jẹ́jẹ́ bíi màlúù. Ó lè sá eré tó tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Tó bá ti gbé ìrù sókè, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ tètè padà sẹ́yìn. Agolo ata tí wọ́n ń fín sí béárì, ara ìgbànú ló yẹ kó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ báàgì, ojú béárì tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ń fín in sí. Àwọn kan ti fín in sára àgọ́ bí oògùn ẹ̀fọn, èyí kò lé béárì lọ rárá, òórùn rẹ̀ tiẹ̀ lè fà á wá.

Ti erin, etí tó nà síta, orí tó ń mì, ẹsẹ̀ iwájú kan tó ń fì láìtẹlẹ̀, ìkìlọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí akọ tí omi dúdú ń ṣàn láàárín ojú àti etí rẹ̀, tí ìtọ̀ sì ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná fún abo nìyẹn, ẹ jìnnà sí i gan-an. Ẹ má wọ àárín ìyá àti ọmọ, ẹ má sì dí ọ̀nà tó fẹ́ gbà lọ. Ti erinmi, ẹ má dúró sáàárín òun àti omi.

Gòrílà orí òkè, ní Bwindi ní Uganda àti ní ọgbà Volcanoes ní Rwanda, yàtọ̀ sí gbogbo èyí torí pé ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Èèyàn mẹ́jọ péré ló ń lọ bá ìdílé gòrílà kan lójúmọ́, fún wákàtí kan. Ẹ gba ìwé àṣẹ sílẹ̀ lóṣù mélòó kan ṣáájú. Tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà kẹ́ ẹ tó gbéra, nítorí àìsàn tiwa ń ràn wọ́n, ó sì lè pa wọ́n. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn nítorí ewé tó ń jóni. Tí akọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun bá sáré wá síwájú yín, ẹ má sá. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wolẹ̀, ẹ má wò ó lójú.

Nínú ẹrù, awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì ló ṣe pàtàkì jù, ju kámẹ́rà lọ. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn: 8 ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, 42 ni ìwọ̀n ojú rẹ̀ ní mìlímítà, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé lówùúrọ̀. Èyí tó bá ju 10 lọ, gbígbọ̀n ọwọ́ á bà á jẹ́. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, torí kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan yí ká mọ́tò, ẹran ti lọ. Níbi tí eṣinṣin tsetse wà, ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, àwọ̀ méjèèjì ń fà á mọ́ra. Ẹ má sì kó èso sínú àgọ́. Ní Mana Pools, ní Zimbabwe, wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú èso tútù wọlé, torí erin á tẹ̀ lé òórùn ọsàn dé inú àgọ́.

Fọ́tò ló kẹ́yìn. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ wo ẹran náà ná láìgbé kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ó má gbọ̀n, ẹ gbé lẹ́ńsì lé àpò kékeré tí ẹ rọ ìrẹsì sí lórí fèrèsé, ẹ fojú sun ẹyinjú ẹran náà. Fún èyí tó ń sáré, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí ojú rẹ̀ fún 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá péré, tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹyẹ tó ń fò, 1/2000. Lọ́sàn-án gangan, ooru tó ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ á mú kí fọ́tò ọ̀nà jíjìn ṣú bàìbàì, kò sí kámẹ́rà tó lè tún un ṣe. Lálẹ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé: aago, ibi tẹ́ ẹ wà, ohun tí ẹran náà ṣe, àti ìró tẹ́ ẹ gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni fọ́tò kì í mú.

Tó bá jẹ́ àgbáǹréré lẹ yà, ẹ má kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i síta. Nítorí ìwo rẹ̀, àwọn tó ń dọdẹ lábẹ́lẹ̀ ń wá irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì kámẹ́rà fóònù yín kẹ́ ẹ tó wọ ọgbà, ẹ pa ibi tó ń kọ ibùdó sára fọ́tò. Ẹ má dárúkọ ọ̀nà tàbí ojú omi náà, ẹ má sì gbé fọ́tò náà jáde títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀.