Ata Rodo Inú Ọgbà Mi

Ata rodo kì í tètè hù. Mo gbin hóró rẹ̀ sínú ike kékeré, mo ń wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 kọjá kí n tó rí ewé méjì tín-ín-rín tí wọ́n yọrí jáde, tí èèpo hóró ṣì dé ọ̀kan lórí bí fìlà. Inú mi dùn púpọ̀! Omi àpọ̀jù ni mo ń ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí pé gbòǹgbò tí ó bá wà nínú ẹrẹ̀ yóò jẹrà. Nígbà tí mo la èyí tí ó kọ́kọ́ pọ́n, mo rí awọ funfun tí hóró so mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ata ti ń ta jù, kì í ṣe inú hóró bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò.