Òkè Alps Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìsọ̀kalẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Múra Fún

Ìbéèrè tí àwọn àbúrò tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi mí kì í yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹsẹ̀ mi á gbé e?” Wọ́n ti wo Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé, lórí tẹlifíṣọ̀n títí, ó ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n fẹ́ lọ gun òkè Alps fúnra wọn. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá lè wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin ní Surrey lè gun òkè Alps, bó bá ti ní jíà tó rọ̀, tí kò sì kánjú. Ohun tí èmi máa ń bi wọ́n ni pé: kí lẹ máa wọ̀ sọ̀ kalẹ̀? Báwo ni bíréèkì yín ṣe rí? Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì ronú débẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú òkè Galibier, torí òun ni mo mọ̀ jù. Ilẹ̀ Faransé ló wà, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,642. Chappal Waddi ní Taraba, òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Èyí ni pé títì ọlọ́dà tí mọ́tò ń gbà ní Galibier ga ju ṣóńṣó òkè wa lọ. Bí ẹ bá gbéra ní Saint-Michel-de-Maurienne, ẹ ó kọ́kọ́ pọ́n òkè Télégraphe fún nǹkan bíi kìlómítà 12, ẹ ó sọ̀ díẹ̀ dé ìlú Valloire, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ Galibier gan-an, kìlómítà 18 míì. Bí a bá pín in dọ́gba, ó tó 7%: nínú gbogbo mítà 100 tí ẹ bá rìn, ẹ ti gòkè mítà 7. Lórí ìwé, kò dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ìṣirò pípín-dọ́gba máa ń tanni jẹ. Lẹ́yìn Valloire, àfonífojì náà fẹ̀, ojú á máa sọ fún yín pé ilẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ á máa sọ pé irọ́ ni. Ìgbà tí ẹ bá dé Plan Lachat, tó ku bíi kìlómítà 8, ni ọ̀nà á sọdá odò, tí yóò kọjú sí ògiri òkè, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ẹni tó ti ná agbára rẹ̀ tán ṣáájú ibẹ̀ á jìyà.

Jíà ni kí ẹ ná owó lé lórí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi. Tèmi, eyín 34 ló wà níwájú, eyín 34 lẹ́yìn. Bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé jíà arúgbó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1911 tí Tour kọ́kọ́ gba Galibier, tí Émile Georget ṣíwájú gbogbo wọn dé òkè, kò sí jíà tó ń pààrọ̀ bíi tòní. Henri Desgrange tó dá eré ìje náà sílẹ̀ kò fẹ́ rí irú rẹ̀ sójú, 1937 ni wọ́n tó gba àwọn eléré láàyè láti lò ó. Òkúta ìrántí bàbá náà wà lẹ́bàá ọ̀nà lápá gúúsù òkè, nítòsí ẹnu ihò tí mọ́tò ń gbà kọjá. Mo máa ń kí i tí mo bá ń kọjá, tèmi ti eyín 34 mi.

Nípa gígun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Orin ni mo fi ń díwọ̀n ara mi: bí mi ò bá lè kọ ìlà kan tán kí n tó mí, mo ti yára jù nìyẹn. Lórí Galibier, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun lọ, nítorí náà eré tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kò ní ṣeé sá lókè. Òkúta tí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan á máa sọ ibi tí ẹ ga dé, iye tó kù, àti bí kìlómítà tó kàn ṣe le tó. Ẹ rọ omi kún ìgò yín ní Valloire, torí ìlú kò sí mọ́ títí dé òkè. Ẹ sì máa jẹun kí ebi tó pa yín. Chin-chin ni mo máa ń dì sápò ẹ̀yìn, kì í yọ́ lóòrùn, àwọn Faransé tí mo sì fún tọ́ wò ti tọrọ sí i rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nínú gbogbo mítà 1,000 tí ẹ bá gòkè, ooru ń dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 sí 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Saint-Michel wà ní bíi mítà 700. Bí ẹ bá fi 25 sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè bá 13 pàdé lókè. 13 kò burú fún ẹni tó ń pọ́n òkè, ara rẹ̀ ń gbóná, òógùn ń dà. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ti kọjú kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á dákẹ́ iṣẹ́, aṣọ tí òógùn ti mu á lẹ̀ mọ́ra, ẹ ó sì máa fi àyà gba atẹ́gùn ní eré kìlómítà 50, 60 láàárín wákàtí. Òtútù á mú ìka títí ìka kò fi ní mọ nǹkan kan mọ́, ìka yẹn náà sì ni yóò fa bíréèkì.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, Giro d'Italia, eré ìje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Ítálì, gba òkè Gavia kọjá níbẹ̀, ó ga ju mítà 2,600 lọ, yìnyín sì ń bọ́ bí ẹni ń fọ́n òwú. Johan van der Velde, ọmọ Holland, ló kọ́kọ́ dé orí òkè, apá rẹ̀ ṣófo, kò sí aṣọ tó nípọn lára rẹ̀. Ó ti borí gígun. Nígbà tó ń sọ̀, òtútù mú un débi pé ó ní láti dúró wá ibi forí pamọ́ sí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 47 ló fi pẹ́ dé lẹ́yìn ẹni tó gba ipò kìíní. Àwọn tó ń bójú tó Andrew Hampsten, ọmọ Amẹ́ríkà, ti lọ ra aṣọ òtútù láàárọ̀ ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Ipò kejì ló gbà lọ́jọ́ yẹn, ó wọ aṣọ píǹkì aṣáájú, òun náà ló sì gba Giro pátápátá, ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kódà ní oṣù kẹjọ, ẹ máa rí jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn kò lè gbà wọlé nínú àpò mi, ìbọ̀wọ́ tó bo gbogbo ìka, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ kan tí mo fi ọ̀rá wé. Kí n tó ya fọ́tò lókè, màá ti pààrọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò kó wò. Bí kò bá sí àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìwé ìròyìn tí àwọn ará àtijọ́ ń kì sábẹ́ ẹ̀wù láyà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bíréèkì wá ńkọ́? Ẹ̀rù máa ń mú kí àwọn tó wá láti Ìlú Ọba di bíréèkì mú láti òkè délẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Box Hill, òkè kékeré tí a fi ń kọ́ ọ ní Surrey, kí bíréèkì tó móoru ẹ ti dé ìsàlẹ̀. Ní Alps, ẹ lè sọ̀ fún kìlómítà 20 gbáko. Bó bá jẹ́ irú bíréèkì tó ń fún rímù ni, rímù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú táyà á wú, túùbù sì lè bẹ́. Rímù kábọ́ọ̀nù tilẹ̀ lè bàjẹ́ nínú ooru náà. Bíréèkì oní-dísìkì sàn jù, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé bóyá páàdì rẹ̀ ṣì nípọn. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́, kí ẹ fún bíréèkì dáadáa kí ẹ tó wọ kọ́nà, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kí ẹ tó yí. Ọwọ́ yín kó wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde kọ́nà kó wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà kejì kó wà lókè kó má baà ha ilẹ̀. Ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí ni kí ẹ máa wò, torí ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń wo ọ̀gbun, ọ̀gbun ló ń lọ. Ẹ má sì ya sí apá ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Àwọn tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti bá wọn dí ọ̀nà. Lẹ́yìn kọ́nà tiyín, ọkọ̀ ẹrù lè wà níbẹ̀, tàbí agbo àgùntàn, tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí òjò àná gbá wálẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2024, Tour pọ́n Galibier láti apá gúúsù, Valloire nísàlẹ̀ ni wọ́n sì parí sí. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, já àwọn yòókù sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè, bó ṣe ń sọ̀ ni àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ sí i, òun ló gba ọjọ́ náà. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni Biniam Girmay ọmọ Eritrea gba ti Turin, aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí lọ́jọ́ kan nínú Tour. Èyí kò kan ọ̀rọ̀ ìsọ̀kalẹ̀, mo kàn fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, àwọn kan lẹ́bàá ọ̀nà ti ń pè mí ní Girmay, èmi tí mo ń rá pálá bọ̀.

Ẹ tètè jí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àárọ̀ sábà máa ń mọ́ kedere, ìkùukùu á kóra jọ lẹ́yìn ọ̀sán, àrá á bẹ̀rẹ̀. Kí agogo kan ọ̀sán tó lù, mo fẹ́ ti kúrò lórí òkè. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2019, àwọn alákòóso Tour dá eré dúró nígbà tí àwọn eléré ti ń sọ̀ láti òkè Iseran, torí yìnyín bo ọ̀nà níwájú, ẹrẹ̀ sì ya dí i. Àkókò tí kálukú fi dé orí Iseran ni wọ́n kà, bẹ́ẹ̀ ni Egan Bernal, ọmọ Colombia, ṣe gba aṣọ yẹ́lò tí aṣáájú Tour máa ń wọ̀. Àwọn yẹn ní ọkọ̀ àti dókítà lẹ́yìn, wọ́n sì dúró.

Ní Switzerland, bọ́ọ̀sì yẹ́lò ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ máa ń fun fèrè olóhùn mẹ́ta kó tó wọ kọ́nà tó fara sin. Òun ló ni ọ̀nà, ẹ yà fún un. Stelvio ní Ítálì, tó ní kọ́nà 48 láti apá Prato, ẹ má lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, alùpùpù kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn. Ẹ ra ìbánigbófò tó kọ ọ́ gbangba pé òun kárí kẹ̀kẹ́ àti gbígbéni kúrò lórí òkè. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 112 ni kí ẹ pè.

Ẹni tí kò lọ rí, mi ò ní rán an sí Télégraphe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Briançon ni kó sùn sí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà Lautaret ń gòkè jẹ́jẹ́ dé mítà 2,058. Ẹ mu kọfí níbẹ̀, ẹ wo sánmà. Bó bá mọ́, kìlómítà 8 àti ààbọ̀ ló kù dé orí Galibier. Bó bá ṣú, ẹ padà sí Briançon. Ọ̀nà náà gbòòrò, kọ́nà rẹ̀ kò le, ó dára fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń tú bíréèkì sílẹ̀. Ẹ má gba apá kejì lọ sí Bourg-d'Oisans láìsí iná níwájú àti lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, torí àwọn ihò òpópónà tó wà níbẹ̀ ṣókùnkùn. Yìnyín sábà máa ń ti Galibier pa títí di ìparí oṣù karùn-ún tàbí inú oṣù kẹfà, pátákó tó wà nísàlẹ̀ á sọ bóyá OUVERT (ó ṣí) ni tàbí FERMÉ (wọ́n ti tì í). Bó bá jẹ́ FERMÉ, Lautaret ṣì wà níbẹ̀, wọ́n máa ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kódà nígbà òtútù.